Láti Ìpàdé Èkó dé Ọgbọ́n Àtọwọ́dá: Ìtàn Lẹ́tà Yorùbá-Nàgó nínú Ẹ̀rọ

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ayárabíàṣá nínú ìwádìí èdè, ìtàn àti iṣẹ́ ọnà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: bí ó ti yára tó, bí ohun tí ó lè rántí ti pọ̀ tó, àti bí ó ti ń ṣe ògbufọ̀ láìsinmi. Ṣùgbọ́n ní ti èdè Yorùbá, àti ní pàtàkì ní ti Yorùbá-Nàgó tí a ń sọ ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Pobè, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ lẹ́tà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò kọ, tí a kò sì gbà sílẹ̀, kò sí fún ẹ̀rọ. Èyí tí a sì kọ, bí a ti kọ ọ́ gan-an ni ẹ̀rọ ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò. Igi tí a ń fún epo láti ara èso rẹ̀, tí òwò rẹ̀ sọ Àjàṣẹ́ di ìlú ọlọ́rọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pẹ ni ọmọ ilé-ìwé ní Ìbàdàn ń kọ ọ́. Àgbàlagbà tí ó ń kọ́ ìwé kíkà ní Pobè yóò kọ ọ́ ní ɔ̀kpɛ. Igi kan náà ni, ìró kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì ti rí àkọtọ́ méjèèjì rí, kò ní dúró ronú kí ó tó mọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, bí a bá yọ p àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, kò sí ohun kan tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi jọra. Bí olùwádìí kan bá ní kí ẹ̀rọ wá gbogbo ibi tí a ti dárúkọ ọ̀pẹ nínú ẹgbẹ̀rún ìwé, àwọn ìwé tí a fi àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ kọ kò ní yọjú. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kọ̀ wọ́n. Kò mọ̀ pé wọ́n wà ni.

Àkọtọ́ méjì fún èdè kan

Ní ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tẹ àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Kò tíì sí àdéhùn nígbà náà lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Òun àti àwọn míṣọ́nnárì CMS jíròrò fún ọ̀pọ̀ ọdún; wọ́n tilẹ̀ lo ìmọ̀ràn Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún gbogbo èdè jáde ní 1855. Ìṣòro tí ó wà níwájú wọn rọrùn láti ṣàlàyé, ó ṣòro láti yanjú: fáwẹ̀lì àìránmúpè Yorùbá jẹ́ méje, lẹ́tà fáwẹ̀lì Látìnì kò ju márùn-ún lọ, ohùn sì tún gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí nígbẹ̀yìn ni pé kí òkè lẹ́tà jẹ́ ti ohùn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àmì tí ó ń ya ẹ kúrò lára e. Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìpàdé Èkó ti oṣù kìíní 1875 sì fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ náà. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá ń to lẹ́tà òjé fún ìwé Yorùbá mọ irú lẹ́tà tí ó gbọ́dọ̀ ní nínú àpótí rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìpàdé náà ni ààlà dé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ náà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì, a ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé míṣọ́nnárì. Ní Dahomey, èdè Faransé nìkan ni ilé-ìwé ìjọba mọ̀. Ìwé Yorùbá kíkà wá di ohun tí a ń bá pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, láti inú Bíbélì àti ìwé orin tí a tẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó dàgbà báyìí: wọ́n ń sọ Nàgó nílé àti lọ́jà, wọ́n ń fi Faransé kọ lẹ́tà.

Àbájáde kan wà nínú èyí tí a kì í sábà sọ. Ẹni tí ó bá ti ilé-ìwé Faransé jáde ti kọ́ pé è ni fáwẹ̀lì tí a ya ẹnu pè, àti pé é ni èyí tí a kò ya ẹnu pè. Lójú rẹ̀, àmì orí lẹ́tà kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ohùn. Ìdí nìyí tí àwòrán ilẹ̀ fi kọ Pobè àti Savè: àmì yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé kí ó ya ẹnu, kò sọ pé kí ohùn lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n è kan náà, lójú ẹni tí ó kàwé ní Abẹ́òkúta, ni fáwẹ̀lì e tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀. Ilé kan ní Àjàṣẹ́ lè ní irú àkọsílẹ̀ mẹ́ta lórí tábìlì kan: ìwé ìdánimọ̀ tí a kọ orúkọ sí bí Faransé ti ń kọ ọ́, Bíbélì bàbá-ńlá tí ó ní àmì ìsàlẹ̀, àti ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó ní ɛ àti ɔ. Ẹni tí ó ń gbé inú ilé náà kò rí ìjà láàárín wọn, nítorí pé ó ti mọ orúkọ náà kí ó tó kà á.

Ọ̀nà tí ɛ àti ɔ gbà dé jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè Áfíríkà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú èyí tí Westermann ará Jámánì ti kó ipa pàtàkì, gbà pé ó sàn kí á lo lẹ́tà tuntun ju kí á máa kó àmì jọ sí òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Westermann ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí èdè Ewé, níbi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Èrò yìí ni ó wọ ìpàdé UNESCO ní Bàmákò ní 1966, ó sì tún jẹ yọ ní Niamey ní 1978.

Láàárín ìpàdé méjèèjì ni ìpinnu méjì ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí á kà pọ̀. Ní 1974, Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá òde-òní: aiye di ayé, enia di ènìyàn, àmì ìsàlẹ̀ sì dúró. Ní 1975, ọdún tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀, ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè lórí èdè gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà, láti Baatonu àti Dẹ̀ńdì ní àríwá títí dé Gun àti Fọ̀n ní gúúsù, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Àkọtọ́ Yorùbá gba ɛ àti ɔ, kp dípò p, sh dípò ṣ. Ọ̀rọ̀-ètò ìjọba ti ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kọkànlá 1972 ti sọ pé èdè ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ di ohun èlò ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lórílẹ̀-èdè tún álífábẹ́ẹ̀tì náà yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò yí padà.

Ẹni tí ó bá wo ìpinnu 1975 láti Ìbàdàn lè rò pé ó pín ohun tí kò yẹ ní pípín. Kò tọ́ kí á dá a lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ìgboro rẹ̀ kan ṣoṣo lè ní Gun, Nàgó àti Fọ̀n kò lè ní kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà máa kọ́ àkọtọ́ tuntun ní gbogbo ojúlé. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ɛ nínú Gun mọ̀ ọ́n nínú Nàgó. Ó sì tú wàhálà àmì Faransé yẹn palẹ̀: bí ɛ bá ti wà, è kò ní láti ṣe iṣẹ́ méjì mọ́, ohùn nìkan ni yóò máa tọ́ka sí. Ìwúlò rẹ̀ ní kíláàsì hàn gbangba. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ní 1975 ni pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí kò ní ka ẹ àti ɛ sí ìbátan.

Lẹ́tà di nọ́ńbà

Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ dojú kọ lẹ́tà wọ̀nyí ni taipuráítà Faransé. Ó ní é, è, à, ù àti ç. Kò ní ɛ, kò ní ɔ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ. Ẹni tí ó bá ń tẹ ìwé ìkọ́ni a fi àlàfo sílẹ̀, a sì fi kálàmù fa lẹ́tà náà síbẹ̀ lẹ́yìn náà, tàbí kí ó fi irin ṣóńṣó gé e sínú bébà tí a fi ń ṣe àdàkọ. Àmì ohùn ni ó sábà máa ń bọ́ sọnù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọwọ́ a máa rẹ ènìyàn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n kọ́kọ́ tan ìṣòro náà jẹ dípò kí wọ́n yanjú rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó fẹ́ tẹ ìwé èdè Áfíríkà a mú nọ́ńbà lẹ́tà kan tí wọn kò nílò, wọn a sì ya àwòrán ọ tàbí ɔ lé e lórí. Lórí bébà, ó dára. Bí a bá ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní àwòrán yẹn, ó di wúruwùru. Ìwé tí a tẹ̀ báyìí pọ̀, wọn kò sì ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú wọn títí di òní, àfi bí ẹnìkan bá jókòó tún wọn tẹ̀.

Ọdún 1991 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode jáde, ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà tí kì í yí padà. Bí lẹ́tà wa ṣe wọ inú rẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Yorùbá nìkan: èdè Vietnam náà ń kọ wọ́n, níbi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹn ti jẹ́ àmì ohùn. Ɛ àti ɔ bá ẹnu-ọ̀nà àwọn onímọ̀ ìró-èdè wọlé, àwọn tí ó ti ń lo lẹ́tà méjèèjì láti fi ṣe àkọsílẹ̀ ìró. Ẹ́ àti ọ̀, tí wọ́n ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. A gbọ́dọ̀ fi méjì tàbí mẹ́ta kọ wọ́n. Nítorí náà, ọ̀pẹ lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin nínú ìwé kan, kí ó jẹ́ mẹ́fà nínú òmíràn, kí ojú ènìyàn má sì rí ìyàtọ̀ kankan. Ɔ̀kpɛ jẹ́ márùn-ún. Àwọn ètò kan wà tí ń sọ mẹ́rin àti mẹ́fà di ọ̀kan náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ń sọ ọ̀pẹ di ɔ̀kpɛ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ Unicode rárá. Ìmọ̀ nípa èdè ni ó gbà.

Ọ̀fìn kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ olùtẹ̀wé ń já sí. Èdè Gíríìkì ní lẹ́tà kan, ε, tí ó jọ ɛ bí ìbejì. Ẹni tí kò bá rí ɛ lórí pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀ a lọ yá ti Gíríìkì. Ojú-ewé náà dára láti wò, àmọ́ ẹ̀rọ rí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìdajì Nàgó, ìdajì Gíríìkì. Ohun tí ó ń wo ọ̀fìn yìí sàn ni pátákó ìtẹ̀wé tí a ṣe fún èdè wa. Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ Alt-I tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ fún Yorùbá Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ tí ń kọ́ èdè

Ní oṣù kejìlá 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ògbufọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀, pẹ̀lú Haúsá, Ìgbò, Sómálì àti Súlù. Àwọn ẹ̀rọ tí ó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, èyí tí a ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, kì í kọ́ gírámà láti inú ìwé gírámà. A kó gbólóhùn fún wọn ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n ń ṣírò ọ̀rọ̀ tí ó sábà ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, àti èyí tí ó bá èdè kejì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá rí rí, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fojú díwọ̀n rẹ̀. Gbogbo ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá mọ̀ nípa Yorùbá, láti inú ohun tí ẹnìkan ti tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí sínú àkójọ kan ni ó ti wá. Ìwé ẹ̀sìn ni ó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ó kọ́kọ́ wà. JW300, àkójọ tí àwọn olùwádìí tẹ̀ jáde ní 2019, tí ó ní èdè tí ó lé ní 300 nínú, láti inú ìtẹ̀jáde àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni wọ́n ti kó o.

Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé pípọ̀ nìkan kò tó. Ní 2018, Iroro Orife kọ́ ẹ̀rọ láti máa dá àmì padà sórí Yorùbá tí a kọ láìsí àmì. Ní 2020, Jesujoba Alabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí Yorùbá àti Twi: wọ́n fi àkójọ ńlá tí ó dọ̀tí wé àkójọ kékeré tí a ti yẹ̀ wò, tí àmì rẹ̀ pé. Èyí kékeré ni ó mú iṣẹ́ tí ó dára jù wá. Ní 2021, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá 20,100, tí ó ti inú ìròyìn, eré àti ọ̀rọ̀ sísọ wá, kí Yorùbá ẹ̀rọ má baà máa dún bí ìwàásù nìkan. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fara balẹ̀ wo àbájáde 2020 yẹn. Ìwé kékeré tí a fi sùúrù ṣe, tí a ti tún ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí ó wà nínú àpótí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà káàkiri gúúsù Bẹ̀nẹ̀, níye lórí fún ẹ̀rọ ju bí iye ojú-ewé rẹ̀ ti ń sọ lọ.

Ìtàn Fọ̀n yàtọ̀, ó sì ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní 2020, Bonaventure Dossou, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, àti Chris Emezue láti Nàìjíríà tẹ iṣẹ́ wọn lórí ẹ̀rọ ògbufọ̀ Fọ̀n sí Faransé jáde. Àwọn méjèèjì wà nínú Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí èdè Áfíríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ní 2022, Fọ̀n wọ inú ẹ̀rọ ògbufọ̀ elédè 200 ti Meta, Yorùbá náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, ó wọ ti Google láàárín èdè tuntun 110. Ìwé tí a kọ ní Fọ̀n kéré púpọ̀ sí èyí tí a kọ ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọlé, ó wọlé pẹ̀lú ɛ àti ɔ, lẹ́tà tí a gbé kalẹ̀ ní 1975. Yorùbá wọlé pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ ti 1875. Nàgó dúró sí àárín méjèèjì. Ẹ̀rọ mọ lẹ́tà rẹ̀, ó sì kà á sí Fọ̀n. Ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú aṣọ mìíràn ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún mú ọ̀ràn náà lọ́jú pọ̀ sí i. Àkójọ orúkọ èdè àgbáyé tí a ń pè ní ISO 639-3, tí ó jáde ní 2007, fún èdè kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́ta. Yorùbá ni yor. Ṣùgbọ́n ti Ṣábẹ̀ẹ́ gba cbj, ti Ìdáìṣà gba idd, ti Ìjẹ gba ijj, ti Ica gba ica, ti Nàgó gúúsù gba nqg. Orúkọ tí a fi pe púpọ̀ nínú wọn nínú àkójọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Ede»: Ede Cabe, Ede Idaca, Ede Ije. Olúkúlùkù tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí èdè túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí a bi léèrè fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ti di orúkọ ìdílé. Ẹ̀rín pa ènìyàn, àmọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀rín. Àkójọ tí a bá fi nqg sàmì sí kò ní bá ti yor pàdé nínú ẹ̀rọ, àfi bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ so wọ́n pọ̀. Bóyá èdè kan ni wọ́n tàbí èdè púpọ̀, ìjíròrò àwọn onímọ̀ ẹ̀ka-èdè ni, ìdí sì wà fún ìhà méjèèjì. Kò yẹ kí lẹ́tà mẹ́ta ti parí ìjíròrò náà kí á tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yáwó tún wà níbẹ̀. Yorùbá Nàìjíríà yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Nàgó yá a lọ́wọ́ Faransé àti lọ́wọ́ Gun. Gbogbo ọlọ́kadà ní Àjàṣẹ́ mọ kpayo, epo mọ́tò tí wọ́n ń kó gba ẹ̀bá ààlà wọlé láti Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tí a fi ìwé ìròyìn Èkó kọ́ kò ní mọ̀ bóyá oúnjẹ ni tàbí orúkọ ènìyàn.

Orúkọ, orin àti àwòrán

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò kan ìwádìí ìtàn, kí ó wo àkójọ òwò ẹrú tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ SlaveVoyages. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 gẹ́gẹ́ bí àwo CD tí ó ní ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú tí ó lé ní 27,000 nínú; ní 2008 ó bọ́ sí gbangba. Ọ̀kan nínú àwọn apá rẹ̀ jẹ́ ìwé orúkọ: ènìyàn 91,491, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àjàyí Crowther. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown àti akọ̀wé Sípéènì ní Havana ni wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, olúkúlùkù bí etí rẹ̀ ti gbọ́. Akọ̀wé Sípéènì kò ní lẹ́tà kankan fún ìró ṣ. Kò sí nínú wọn tí ó mọ̀ pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Àwọn olùwádìí tí ó kó o jọ ké sí àwọn tí ó gbọ́ èdè Áfíríkà pé kí wọ́n wá ka orúkọ náà sókè, kí wọ́n sọ ibi tí ó jọ pé ó ti wá. Kọ̀ǹpútà lè to 91,491 orúkọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò lè gbọ́ orúkọ tí ó wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú ni ó sì gbéra láti èbúté Àjàṣẹ́. Nítorí náà, àwọn tí ìdáhùn wà lẹ́nu wọn kò jìnnà. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni pé kí ìdáhùn náà wọ inú àkójọ pẹ̀lú lẹ́tà tí yóò ṣeé wá rí.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, ó yẹ kí á ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní 2023, Malik Afegbua, ayàwòrán láti Nàìjíríà, fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe àwòrán àwọn arúgbó tí ó wọ aṣọ ńlá bí ẹni tí ń ṣe àfihàn oge. Àwòrán náà ká ayé já, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ojú ènìyàn gidi ni àwọn ń rí. Iṣẹ́ ọnà ni, olùṣe rẹ̀ sì dárúkọ ara rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ẹnu tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Ní òru ẹ̀fẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú lọ́dún yẹn ni a ń kọ lórin, ẹni tí a ń bá wí sì lè jókòó láàárín àwọn tí ń gbọ́. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún orin ẹ̀fẹ̀ fún ẹ̀rọ, yóò kọ ọgọ́rùn-ún kan ó lé ọ̀kan. Ìpele àti ìró rẹ̀ lè pé. Ta ni orin náà ń bá wí? Àkọsílẹ̀ ẹ̀fẹ̀ tí kò sọ ìlú, ọdún, ẹni tí ó kọ ọ́ àti ohun tí ó fà á, kò tíì di ohun ìwádìí, kí á má tilẹ̀ sọ pé kí á fi kọ́ ẹ̀rọ. Àti pé àwọn tí ó ni orin kan kò sọ pé kí gbogbo ayé gbọ́ ọ nítorí pé wọ́n jẹ́ kí olùwádìí kan gbà á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbé ètò orílẹ̀-èdè kan kalẹ̀ lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá fún ọdún 2023 sí 2027. Ètò ńlá ni. Iṣẹ́ Nàgó tí ó wà nílẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dúró dè é. Láti àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ sí ti Nàìjíríà, ọ̀nà tẹ́jú: ɛ di ẹ, ɔ di ọ, kp di p, sh di ṣ. Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì k àti p, tàbí s àti h, tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà kò sí ibi tí ìyípadà náà ti lè ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìpadàbọ̀ ni ó le díẹ̀, nítorí àwọn orúkọ àjèjì tí p wọn gbọ́dọ̀ dúró ní p. Bí a bá sì ṣe é, kí á tọ́jú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bí ó ti wà. Ẹni tí ó kọ ɔ̀kpɛ kò ṣì í kọ. Ojú-ewé yìí gan-an lo àmì ìsàlẹ̀ nítorí pé òǹkàwé rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì ààlà, kì í ṣe nítorí pé àkọtọ́ kejì rẹlẹ̀.

Ohun tí ìyípadà lẹ́tà kò lè ṣe ni ohùn. Ìwé ìkọ́ni púpọ̀ ni a tẹ̀ láìsí àmì ohùn, nítorí taipuráítà, tàbí nítorí pé olùkọ́ rò pé òǹkàwé yóò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń dá àmì padà wà, ṣùgbọ́n Yorùbá Nàìjíríà ni a fi kọ́ ọ, yóò sì fi ohùn Ọ̀yọ́ sí orí ọ̀rọ̀ Ìjẹ láìmọ̀. Ọpẹ́ ni ìmoore, ọ̀pẹ ni igi. Níbi tí ìwé ìkọ́ni bá ti kọ ɔkpɛ láìsí àmì, kí gbólóhùn tí ó yí i ká sì má là á, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí yóò mọ èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní kíláàsì ní Pobè mọ̀ ọ́n, ó sì ṣì ṣeé bi léèrè.